Àwòrán ọmọ inú oyún: kí ló ń fi hàn wá, kí ló sì ń gbé pamọ́?

Fídíò kan tó gùn tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ti di ọ̀rọ̀ òfin láwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ya àwòrán inú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí àtọ̀ pàdé ẹyin, ó sì ń tẹ̀ lé ọmọ kan tí wọ́n sọ ní Olivia bó ṣe ń dàgbà nínú oyún: ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yọ, ó ń yíra padà. Ẹgbẹ́ Live Action, tó ń tako oyún ṣíṣẹ́, ló ṣe é. Láti 2023 ni àwọn aṣòfin kan ti ń fẹ́ kí iléèwé ìjọba máa fi í, tàbí èyí tó jọ ọ́, han àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Bí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá ti jáde, àwòrán ọmọ inú oyún á gba orí ìkànnì ayélujára: fọ́tò àtijọ́, scan, ère, èyí tí wọ́n fọwọ́ yà, èyí tí kọ̀ǹpútà gbé jáde. Tọ̀túntòsì ló ń nà án sókè gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wá fúnra rẹ̀ nínú wọn. Ẹnìkan ló tan iná sí i, ẹnìkan ló kùn ún, ẹnìkan ló pinnu ohun tí kò ní sí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n sì sábà máa ń yọ kúrò ni ìyá ọmọ.

Kí ni òfin náà sọ gan-an?

Ìpínlẹ̀ North Dakota ló kọ́kọ́ ṣe é, ní 2023. Òfin wọn ní kí ẹ̀kọ́ nípa ìdàgbàsókè ènìyàn ní iléèwé ní fídíò tó já gaara, tí kọ̀ǹpútà yà, tó fi ìdàgbàsókè ọmọ hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún, kí fídíò scan náà sì wà níbẹ̀. Tennessee tẹ̀ lé e ní 2024, tiwọn tilẹ̀ dárúkọ fídíò Olivia gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ti gbé àbá tó jọ ọ́ wá síwájú ilé aṣòfin wọn. Òbí Yorùbá tó ń tọ́mọ ní Nashville tàbí Memphis, ní Tennessee, ọ̀rọ̀ yìí kàn án tààrà.

Ohun tó mú kó gbóná báyìí ni ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 2022. Ìdájọ́ náà fagi lé ẹ̀tọ́ sí oyún ṣíṣẹ́ tó ti wà jákèjádò orílẹ̀-èdè náà láti 1973, ó sì dá ọ̀rọ̀ padà sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, ohun tí aṣòfin àti olùdìbò bá gbà pé ó wà nínú ilé ọmọ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà tàbí ìkejìlá lè di òfin. Àwòrán sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n ń jà lórí ọ̀sẹ̀?

Ìṣirò méjì ló wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ pọ̀ jù. Dókítà àti nọ́ọ̀sì máa ń ka oyún láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tí obìnrin rí gbẹ̀yìn, torí ọjọ́ yẹn ló rọrùn fún un láti rántí. Ní ìṣirò yìí, oyún jẹ́ ọ̀sẹ̀ 40. Àwọn onímọ̀ nípa ọlẹ̀ ń kà á láti ọjọ́ tí àtọ̀ pàdé ẹyin, èyí tó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Ní tiwọn, ọ̀sẹ̀ 38 ni. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá sọ fún aboyún ní ọsibítù pé oyún rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọlẹ̀ inú rẹ̀ kò tíì ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ.

Ìṣirò kejì ni fídíò Olivia ń lò. Àwọn tó ṣe é ní àwọn kò tan ẹnikẹ́ni, pé àwọn sọ ọ́ pé ọjọ́ tí àtọ̀ pàdé ẹyin ni àwọn ti bẹ̀rẹ̀, àti pé dókítà wà lára àwọn tó yẹ iṣẹ́ náà wò. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà aboyún ní Amẹ́ríkà, ACOG, kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní fídíò náà wà láti ru ọkàn ènìyàn sókè ju kó kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì lọ. Àwọn alárìíwísí mìíràn fi kún un pé ọmọ iléèwé tó bá wò ó lónìí, tó sì gbọ́ iye ọ̀sẹ̀ lẹ́nu dókítà lọ́la, yóò rò pé ohun kan náà ni wọ́n ń kà.

Ti ọkàn tó ń lù náà ń kọ́? Ní nǹkan bí ọjọ́ 22 lẹ́yìn tí àtọ̀ pàdé ẹyin, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò kan tí yóò padà di ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kúlúkúlú. Ẹ̀rọ scan lè rí i ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà ní ìṣirò dókítà. Ó tún ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú ọkàn tó pín dáadáa. Ẹgbẹ́ kan ní ọkàn ló ń lù, kí a pè é bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì ní ohun tí kò tíì pé ní ọkàn ni, àti pé ìró tí aboyún ń gbọ́ nínú yàrá scan, ẹ̀rọ ló ṣe é láti inú ohun tó rí. Ní Texas, orí ìlù yìí ni wọ́n gbé òfin 2021 kà: bí ẹ̀rọ bá ti gbọ́ ọ, oyún ṣíṣẹ́ di èèwọ̀.

Ibo ni ọmọ tó léfòó nínú òkùnkùn yẹn ti wá?

Bí ẹ bá ti rí fọ́tò ọmọ inú oyún kan tó dá wà nínú àpò tó mọ́ gaara, tí kò sí ara ènìyàn kankan nítòsí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ Lennart Nilsson tàbí ohun tí wọ́n ṣe ní àfarawé rẹ̀. Onífọ́tò ará Sweden ni, wọ́n bí i ní 1922, ó kú ní 2017. Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1965 ni ìwé ìròyìn Life ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ní ojú ewé iwájú, ọmọ inú oyún ọ̀sẹ̀ 18 ká jọ, ojú rẹ̀ wà ní pípadé, ibi ọmọ wà lápá ọ̀tún, ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ sì dúdú bí ojú ọ̀run lóru. Mílíọ̀nù mẹ́jọ ẹ̀dà ni wọ́n ní ó tà tán láàárín ọjọ́ mẹ́rin.

Kí àsìkò yẹn tó dé, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ra ìwé ìròyìn náà kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Obìnrin tó ti bímọ márùn-ún kò mọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe rí ní oṣù kẹrin. Ó mọ̀ ọ́n lára, nígbà tí ọlẹ̀ bá sọ. Kò mọ̀ ọ́n lójú. Mo gbà pé ó yẹ ká rántí èyí kí á tó bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ tó ń pín fọ́tò náà lónìí kò mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ inú rẹ̀ kò sí nínú ìyá wọn nígbà tí Nilsson yà wọ́n. Oyún tó bàjẹ́, tàbí èyí tí dókítà yọ, ni. Láti 1938 ni òfin Sweden ti fàyè gba oyún ṣíṣẹ́ fún àwọn ìdí kan, ibẹ̀ sì wà lára ọ̀nà tí onífọ́tò ní Stockholm fi lè rí ohun tí ẹlòmíràn kò lè rí. Fọ́tò kan péré nínú àkójọ Life ló fi ọmọ tó wà láàyè nínú ìyá hàn. Ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná lẹ́nu ni wọ́n tì wọ inú ilé ọmọ kí wọ́n tó lè yà á.

Ìwé ìròyìn náà kò fi èyí pamọ́ pátápátá. Ní ojú ewé iwájú, wọ́n kọ ọ́ pé ọmọ náà wà láàyè. Nínú lọ́hùn-ún, wọ́n kọ ọ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi yọ ọ́ kúrò nínú ìyá rẹ̀. Àmọ́ ojú ewé iwájú ni gbogbo ayé rí. Òkùnkùn ẹ̀yìn ọmọ yẹn kì í ṣe òkùnkùn ilé ọmọ, ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn lára rẹ̀ kò sì sí nínú ikùn ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń tako oyún ṣíṣẹ́ ti ń gbé irú àwòrán yìí sórí pátákó, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ojú wò ó kó wá sọ pé kì í ṣe ènìyàn. Àwọn tó wà lódìkejì dáhùn pé inú oyún tí wọ́n yọ ni wọ́n ti rí àwọn fọ́tò náà. Òótọ́ ni èsì yìí, ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀rọ̀ àwọn ti àkọ́kọ́ di irọ́. Bí ọmọ náà ṣe rí jẹ́ ìbéèrè kan. Ibi tí wọ́n ti yà á àti ohun tí wọ́n yọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ òmíràn.

Ṣé kò sẹ́ni tó yà á kí kámẹ́rà tó dé?

Ó pọ̀. Leonardo da Vinci ya ọmọ tó ká jọ nínú ilé ọmọ ní nǹkan bí 1511. Àwòrán náà wà nínú àkójọ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Windsor dòní. Ọmọ inú rẹ̀ dára gidigidi. Ṣùgbọ́n ibi ọmọ tó yà, ti màlúù ni: ó pín sí kókó kókó káàkiri ara ilé ọmọ, bẹ́ẹ̀ ti ènìyàn jẹ́ ẹyọ kan pẹlẹbẹ. Leonardo ti la màlúù wò, ó sì fi ohun tó rí nínú ẹranko dí àyè ohun tí kò rí nínú ènìyàn.

Ní 1774, dókítà William Hunter, ọmọ Scotland tó ń ṣiṣẹ́ ní London, tẹ ìwé ńlá kan tó ní àwòrán 34. Jan van Rymsdyk ló ya èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà, nítorí wọ́n ní láti dúró de òkú obìnrin tó kú pẹ̀lú oyún. Hunter ní ohun tí ojú rí nìkan ni kí wọ́n yà, kò gbọ́dọ̀ sí àfikún. Van Rymsdyk yà á bẹ́ẹ̀: ọmọ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bí, orí rẹ̀ nísàlẹ̀, irun rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ orí, àti yíká rẹ̀, ara obìnrin tí wọ́n gé ní itan. Nínú àwòrán yìí, ìyá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹran ara. Kò ní ojú, kò ní orúkọ. Títí dòní, a kò mọ orúkọ àwọn obìnrin náà. Ní 2010, àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ní London fẹ̀sùn kàn pé wọ́n pa àwọn kan lára wọn nítorí iṣẹ́ yìí ni. Àwọn onímọ̀ ìtàn tako ẹ̀sùn náà, wọ́n ní ẹ̀rí rẹ̀ kò tó.

Ẹ̀rọ scan ńkọ́, ṣé òun kò kúkú fi òótọ́ hàn?

Glasgow ni scan oyún ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹfà 1958, dókítà Ian Donald, òun àti John MacVicar pẹ̀lú ẹnjiníà Tom Brown, kọ àbájáde iṣẹ́ wọn sínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn dókítà. Inú irú ẹ̀rọ tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń wá ibi tí irin ti sán ni wọ́n ti mú ọgbọ́n rẹ̀. Ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ni ẹ̀rọ náà ń rán wọnú. Tí ìró yìí bá kan ara, yóò padà, ẹ̀rọ yóò sì sọ ìpadàbọ̀ rẹ̀ di funfun àti dúdú lójú gíláàsì. Kì í ṣe fọ́tò. Ẹni tí kò kọ́ ọ lè wò ó títí kó má rí nǹkan kan níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi máa ń na ìka sí i pé orí rè é, ẹsẹ̀ rè é.

Donald fúnra rẹ̀ tako òfin tó fàyè gba oyún ṣíṣẹ́ ní Ìlú Ọba ní 1967. Scan kan náà ni dókítà tó gbà pé kí obìnrin pinnu fúnra rẹ̀ ń lò lójoojúmọ́ láti mọ iye ọ̀sẹ̀ oyún, láti mọ̀ bóyá ìbejì ni, láti mọ̀ bóyá ibi ọmọ dí ẹnu ọ̀nà.

Kí ló dé tí àwọn kan fi ń bèèrè pé ìyá dà?

Ọ̀mọ̀wé Rosalind Petchesky, ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́ síta gbangba, ní 1987. Ó ní àwòrán wọ̀nyí sọ ọmọ inú oyún di ẹni tó dá dúró, bí ẹni pé kò jẹun lára ẹnikẹ́ni, kò mí lára ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó gbé e di òfìfo tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bó ṣe rí i, ẹni tí kò sí nínú àwòrán, ó rọrùn láti gbàgbé rẹ̀ nínú òfin. Àwọn tó ń jà fún ọmọ inú oyún dáhùn pé ọmọ gan-an ni ayé ti ń gbàgbé látilẹ̀wá, nítorí kò sẹ́ni tó rí i, pé àwòrán ló kọ́kọ́ fún un ní ojú.

Doha, ní Qatar, ní àpẹẹrẹ tó tóbi jù tí mo mọ̀. Ère idẹ mẹ́rìnlá ni Damien Hirst, ará Ìlú Ọba, ṣe síwájú ọsibítù Sidra, láti ìgbà tí àtọ̀ pàdé ẹyin títí dé ọmọkùnrin tuntun jòjòló tó ga tó mítà 14. Wọ́n ṣí i ní oṣù kẹwàá 2013. Kò pẹ́ ni wọ́n tún fi aṣọ bò ó, ó sì wà bẹ́ẹ̀ di 2018. Àwọn aláṣẹ ní wọ́n ń dáàbò bò ó nítorí iṣẹ́ ilé tó ń lọ níbẹ̀. Àwọn ará ìta ní ìbínú àwọn tó rí i lórí ayélujára ló fà á. Ilé ọmọ àti ọmọ ni àwọn ère náà fi hàn. Obìnrin kò sí níbẹ̀.

Àwọn tó fara mọ́ ẹ̀tọ́ sí oyún ṣíṣẹ́ náà kì í ṣe aláìyọ-nǹkan-kúrò. Ní oṣù kẹwàá 2022, ìwé ìròyìn Guardian ti Ìlú Ọba gbé fọ́tò tí àwọn dókítà ẹgbẹ́ MYA Network ní Amẹ́ríkà yà jáde: ohun tí wọ́n yọ nínú oyún tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ, tí wọ́n ti fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ohun tó wà nínú àwo náà dà bí òwú funfun, ẹnu sì ya ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn dókítà náà ní ohun tí obìnrin yóò rí gan-an nìyẹn. Àwọn mìíràn, dókítà wà lára wọn, sọ pé ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ sí ìkẹsàn-án, ọlẹ̀ ti tó ohun tí ojú lásán lè rí, pé kí ni ìdí tí kò fi hàn níbẹ̀.

Ṣé àwa Yorùbá náà ní àwòrán ohun tó wà ṣáájú ìbí?

A ní in, ẹnu ni a fi yà á jù. Nínú Ogbè Ògúndá, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèéméèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, ń bọ̀ láti òde ọ̀run wá sí òde ayé, wọ́n sì yà sí ilé Àjàlá alámọ̀ láti yan orí. Afùwàpẹ́ tó yà kí bàbá rẹ̀, tó rúbọ, ló yan orí tó dára. Òjò lu tàwọn méjì tó kù, ó sì ṣẹ́. Ènìyàn tó ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀, tó ń yàn, ni Ifá fi hàn wá ṣáájú ìbí.

Ní ti inú ikùn fúnra rẹ̀, Ọbàtálá ni àwọn àgbà ní ó ń mọ ọmọ níbẹ̀, wọ́n sì máa ń kí aboyún pé kí òrìṣà ya ọnà ire kò wá o. Àdúrà tó wọ́pọ̀ jù ni pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń dárúkọ. Nínú ère gbígbẹ́ náà, abiyamọ tó kúnlẹ̀, tó pọn ọmọ tàbí tó ń fún un lọ́mú, la máa ń rí jù.

Kí ni ọ̀rọ̀ ọmọ dúdú inú oyún tó jà ràn-ìn?

Ní oṣù Kejìlá 2021, àwòrán kan gba ayélujára: aboyún aláwọ̀ dúdú, inú rẹ̀ tí wọ́n là láti ẹ̀gbẹ́ kí a lè rí i, ọmọ aláwọ̀ dúdú sì wà nínú rẹ̀. Chidiebere Ibe, ọmọ Nàìjíríà láti Ebonyi, ló yà á. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Ukraine ni nígbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ náà láti 2020. Ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kọ sábẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ síra: àwọn kò tíì rí irú rẹ̀ rí láyé àwọn. Dókítà wà nínú wọn.

Ẹ̀rí wà pé kì í ṣe àròsọ. Ní 2018, Patricia Louie àti Rima Wilkes ka àwòrán 4,146 nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn mẹ́rin tí wọ́n ń lò ní yunifásítì. Àwọ̀ tó dúdú gan-an kò ju ìdá 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ kó ìdá 74.5. Èyí kọjá ọ̀rọ̀ ẹwà. Dókítà tó kọ́ bí ara ṣe ń pọ́n nígbà àìsàn lára awọ funfun nìkan lè má dá a mọ̀ lára awọ dúdú.

Àríyànjiyàn kan jẹ yọ o. Àwọn kan ní ọmọ adúláwọ̀ kì í dúdú tó bẹ́ẹ̀ nínú oyún. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ohun tó ń fún awọ ní dúdú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú ikùn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìbí ló ń pọ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi máa ń wo ṣóńṣó etí ìkókó kí wọ́n tó sọ bí yóò ṣe dúdú tó. Àwọn tó gbèjà Ibe dáhùn pé ọmọ aláwọ̀ osùn tó wà nínú ìwé láti ọjọ́ yìí náà, yíyàn ayàwòrán ni, kò sì sẹ́ni tó bèèrè ìwọ̀n àwọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí àwọn tó jiyàn náà kò mẹ́nu bà púpọ̀ ni pé àwòrán Ibe dá ìyá padà sáàyè rẹ̀. Ara obìnrin wà níbẹ̀, ọmọ sì wà nínú rẹ̀.

Ṣé a lè wá gba àwọ̀ tí scan tuntun ń fi hàn gbọ́?

Rárá, àwọ̀ yẹn kì í ṣe ti ọmọ. Scan 3D àti 4D tó ń fi ojú ọmọ hàn gedegbe, ìró kan náà ló ń lò bíi ti àtijọ́, ìró kò sì mọ àwọ̀. Ẹ̀rọ ló ń kun ojú ọmọ ní àwọ̀ wúrà tó fẹ́ jọ osùn, ó sì ń kùn ún bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Stockholm. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ lè yí i sí àwọ̀ mìíràn. Ó tún lè gé ohun tó dí ojú ọmọ kúrò nínú àwòrán kí ojú lè yọ dáadáa. Ohun tó sì sábà máa ń dí i ni ibi ọmọ tàbí ara ilé ọmọ. FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ pé kí aboyún má ṣe irú scan bẹ́ẹ̀ fún ìrántí lásán láìsí pé dókítà ní kó ṣe é. Bí ẹ bá gba èsì scan lọ́wọ́ wọn ní ọsibítù, iye ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó bá níbẹ̀, ìṣirò ti nǹkan oṣù tó gbẹ̀yìn ni wọ́n fi kọ ọ́.